Ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá: kí là ń sọ fún òkú gan-an?

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo gbọ́ ọ lórí rédíò, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀kọ gbígbóná dà sí mi lára. Atọ́kùn ètò kan ń ṣàlàyé ohun tí Yorùbá ń sọ létí sàréè. Ó ní "ojú ààlà" ni gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, pé ààlà ayé àti ọ̀run ni, pé ibẹ̀ ni òkú ń dúró sí de àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ní "gbére" náà, ẹni tó "gbé èrè" lọ bá Ẹlẹ́dàá ni. Èrè wo? Ta ló ń bá ikú ṣòwò? Àwọn tó ń pè wọlé ń kí i pé ó kú làákàyè. Mo pa rédíò.

Ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀ bí kì í bá ṣe ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ọmọ wa obìnrin kan tó ń gbé ní Ìlú Ọba ló béèrè. Àbúrò bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Bí ọkùnrin náà ṣe jẹ́ bàbá fún un ló ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́, òun ló ń bá sọ ohun tí kò lè bá ìyá rẹ̀ sọ. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan, ó sì fẹ́ tẹ "ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá" sẹ́yìn káàdì. Pásítọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìbọ̀rìṣà ni. Ìyá rẹ̀ ní òun kì í sọ ọ́ ní tòun, nítorí ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń fi tì mọ́ òkú kó má bàa padà wá. Ó wá ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀, àti bóyá ó yẹ káàdì.

Ọmọ mi, o kú àfẹ́kù. Ọlọ́run á tu gbogbo yín nínú. Jẹ́ n wá dá ìyá rẹ lóhùn ná, nítorí tirẹ̀ ló dùn mí jù, àgbàlagbà ni.

Ibi tí gbogbo wọn ti ṣìnà ni pé "gbére" ni wọ́n tẹjú mọ́, wọn ò wo "ó di" tó wà níwájú rẹ̀. Bí a bá ń pínyà lálẹ́, kí là ń sọ? Ó dàárọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀la la ó tún fojú kanra, ó dọ̀la. Ẹni tó ń lọ àjò tó ń bọ̀ wálé, ó dàbọ̀, ìyẹn ni pé ó di ìgbà tó o bá bọ̀. Bí a ò bá mọ ọjọ́, ó dìgbà kan ná, tàbí ó dìgbóṣe, ìgbà yòówù tó bá ṣe. Àdéhùn ni "ó di". Ọjọ́ ló máa ń tẹ̀ lé e. Yorùbá kì í pínyà láì dá ọjọ́, kódà kí ọjọ́ náà má lórúkọ. Ẹnu yìí kan náà la gbé dé etí sàréè, a ò yí i padà. Ẹni tó wà nínú pósí, a kí i bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà tó gbé báàgì lọ́wọ́.

Gbére náà ńkọ́? Ṣé ẹ kì í dágbére ni? Ẹni tó ń lọ oko á dágbére fún ìyàwó rẹ̀. Ọmọ tó ń padà sílé ìwé á dágbére fún bàbá. Bí àlejò bá lọ láì dágbére, ẹ ó bú u. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ nìyẹn, tó wá dé ojú oorì tán, ẹ ní ìlẹ̀kùn ni, ẹ ní èrè ni. Òótọ́ ni pé títí láé ni gbére, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "títí gbére". Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rù kọ́.

Àlàyé tèmi nìyí, mo sì dúró tì í, kí ẹnikẹ́ni wá bá mi jiyàn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ohun kan náà tí a sọ lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dùn létí. Ṣe ni gbólóhùn náà ń rìn bọ̀ wálé. Gbére ni ó kọ́kọ́ dé, nítorí òkú wà nílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn. Ẹnu sọ ọ́ tán, ọkàn kọ̀ ọ́, ó ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa rí: ó di àrìnnàkò. Ọ̀nà ọjà nìyẹn, orí ilẹ̀ ayé ni. Ọkàn ò sì tíì gbà: ó dojú àlá. Ìyẹn tún súnmọ́ sí i, orí ẹní rẹ ni, ó lè jẹ́ alẹ́ òní. Láti ọ̀run sí ojú ọ̀nà, láti ojú ọ̀nà sí ibùsùn. Ẹni tó bá wá yí i po, tó fi ojú àlá ṣíwájú tó wá fi gbére kádìí rẹ̀, bí mo ṣe ń gbọ́ lẹ́nu àwọn alága ìsìnkú òde òní, òun ló ti ìlẹ̀kùn. Tí ó bá jẹ́ irú ìyẹn ni ìyá rẹ gbọ́, ó jàre.

Àrìnnàkò ni ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ sí. À-rìn-ní-ọ̀nà-kò. Ìpàdé yàtọ̀ sí kíkò. A lè fi ìpàdé sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ta ló ń fi àrìnnàkò sí aago kankan? Ẹ̀ ń lọ tiyín, ó ń bọ̀ tirẹ̀, ẹ̀ ń kora. Kí ló wá mú un dé ẹnu ẹni tó ń sin òkú?

Ogun ni. Ẹ rántí ayé àwọn bàbá ńlá wa ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí ìlú ń tú, tí ẹbí ń fọ́n ká bí ẹyin àparò. Ọmọ tó já lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀fín, ta ni yóò sọ bóyá ó kú ni tàbí wọ́n kó o lẹ́rú? Ìyá á ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí òkú, ọmọ á sì wà láàyè nílùú tí ìyá ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọdún 1821 ni wọ́n kó ọmọdé kan tó ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí omi, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ dé iwájú rẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ta ló dá ọjọ́ fún wọn? Àwọn bíi tiwọn pọ̀ tí a ò kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ojú irú èyí ni Yorùbá rí tó fi ń sọ ọ́ fún òkú pàápàá. Ẹni tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán rí ti yọ láti ẹ̀yìn odi rí.

Àjàyí yìí kan náà, Samuel Àjàyí Crowther, ló di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, òun ló sì ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Kí pásítọ̀ rẹ lọ bi í bóyá ọ̀rọ̀ ìbọ̀rìṣà ni àrìnnàkò.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa tó ṣòwò ní Gánà ló tún wá fi iyọ̀ sí i. Ìyá tó bí ìyá mi ta aṣọ ní Tamale títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò. Ìtàn àkúdàáyà ló kó bọ̀, ó ju ẹrù rẹ̀ lọ. Lágbájá kú nílé, wọ́n sin ín, èèyàn kan wá rí i ní Kùmásí tó ń ta àlùbọ́sà, tó ti láya, tó ti bímọ. Ìyá àgbà a máa kìlọ̀ fún wa gidigidi: bí o bá kò ó, má pè é lórúkọ. Bí o bá pè é, á mọ̀ pé a ti mọ òun, ẹ ò ní í rí i mọ́. Wò ó lásán, kí o máa bá tìẹ lọ.

Mo fi í rẹ́rìn-ín títí tó fi kàn mí.

Àbúrò ìyá mi kan wà, ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Níwájú àgbà, Bọ̀dá ni mò ń pè é. Bó bá ku àwa méjì, Àkànní. A jọ lọ sílé ìwé, a jọ jẹ ẹlẹ́mu kan náà ní gbèsè. Fìlà rẹ̀ kì í gbé orí. Abẹ́ apá òsì ló máa ń há a sí, á wá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ó bá ń rìn, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ilẹ̀. Ó kú lójijì, n ò sí nílé, wọ́n ti sin ín kí n tó dé. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti kí i pé ó di gbére. Èmi ò bá wọn kí i.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà mo lọ ra èlùbọ́ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mo ń ná an lọ́wọ́ ni mo rí fìlà lábẹ́ apá òsì láàárín èrò, ẹni tó ni ín tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi owó sí obìnrin ẹlẹ́lùbọ́ lọ́wọ́, mo tẹ̀ lé e. Mo kọjá ìsọ̀ ẹlẹ́wà, mo kọjá ibi tí wọ́n ti ń já iṣu. N ò sáré, n ò pe orúkọ. Èmi tí mo lọ sílé ìwé gíga, ìkìlọ̀ ìyá àgbà ni mò ń pa mọ́. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ojú ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní mo fi í pe ẹnì kan ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i." Mo ní, "Á gbọ́."

Mo padà sídìí èlùbọ́ mi, wọn ò yọ nínú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó lè sọ ọ́ síta, èmi nìkan nínú yàrá: ó di gbére o, Àkànní.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Párádísè ni àrìnnàkò, ẹ sọ fún un pé Bódìjà ni.

Ojú àlá ò nílò àlàyé púpọ̀. Nílé wa, ẹni tó bá lá òkú ò ní jẹun àárọ̀ kí wọ́n tó bi í pé kí ló wọ̀, kí ló wí. Ní ti "má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o bá wọn jẹ", tí àwọn kan ń pè ní èpè, ìmọ̀ràn ìyá fún ọmọ tó ń lọ gbé lọ́dọ̀ àlejò ni, ẹ fi í sílẹ̀. Babátúndé àti Yétúndé, gbogbo yín mọ̀ wọ́n. Ní Kúbà, bí àwọn ọmọ Lukumí, ìyẹn àwọn tó ṣẹ̀ lára Yorùbá níbẹ̀, bá dárúkọ òkú wọn, wọ́n á fi "ibaé bayén tonú" tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Bí etí yín bá ṣì jẹ́ etí Yorùbá, ẹ ó gbọ́ "tó nù" níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn wà lẹ́yìn òkun láti ayé ẹrú, wọn ò dárúkọ òkú ní ìhòòhò. Àwa tí a wà nílé, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta là ń tẹ̀ sábẹ́ fọ́tò olóògbé, R àti I àti P, a ti yí i kọjá kí ojú tó ṣẹ́. A ń ran aṣọ ẹbí mẹ́ta fún òkú kan, a gba olórin méjì, ẹ wá sọ fún àkọ́bí pé kó dágbére fún bàbá rẹ̀, ó di "bye-bye, Daddy". Mo ti fojú mi rí i.

Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì rẹ. Kí gbére ṣíwájú, kí àlá kẹ́yìn. Kí o sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀, nítorí láìsí àmì ẹnì kan á kà á sí ààlà, ẹlòmíràn á kà á sí aṣọ àlà, wọ́n á tún gbé e lọ sórí rédíò. Bí atẹ̀wé bá ní kò sí àyè tó, kó yọ òdòdó tó yà sí igun káàdì kúrò.