Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yí bakitéríà padà, kí ni kí wọ́n bá ará ìlú sọ?

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lórí ọ̀rọ̀ kan náà, láti Kétu, láti Àjàṣẹ́ àti láti Ṣábẹ̀, mo wá kó gbogbo ẹ̀ síbi kan. Ti Kétu ló le jù, òun ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní Kétu níbí, a fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ká lè lọ díje ní iGEM. Bakitéríà, ohun abẹ̀mí kékeré tí ojú lásán ò lè rí, la fẹ́ yí padà kó lè máa fi àwọ̀ hàn wá bí májèlé aflatoxin bá wà nínú àgbàdo. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ bá ará ìlú sọ̀rọ̀, a lọ, a gbé projẹ́tọ̀ dání, a ò tíì ṣàlàyé dé ìdajì tí bàbá kan fi dìde pé ta ló rán wa, pé kí la fẹ́ fi kòkòrò ṣe nínú oúnjẹ àwọn, báyìí làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ. Báwo la ṣe máa ṣe é tí wọ́n á fi gbà wá gbọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Kétu)

Àbúrò mi, ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn tí ò mọ̀, iGEM yìí, ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, kíláàsì kékeré kan ni nígbà yẹn, ní 2004 ẹgbẹ́ 5 ló díje, ní báyìí àwọn ẹgbẹ́ láti gbogbo ayé ló ń kóra jọ sí Paris lọ́dọọdún. Wọ́n á mú bakitéríà tàbí yíìsì, wọ́n á kọ àṣẹ tuntun sínú ADN ẹ̀, ìyẹn ohun tó wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí tó ń sọ bó ṣe máa rí àti ohun tó máa ṣe, kó lè ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Edinburgh ní Scotland ti ṣe ohun tó jọ tiyín ní 2006, tiwọn ń fi àwọ̀ hàn bí májèlé ásẹ́níìkì bá wà nínú omi, torí omi kànga tó ń ṣe àwọn ará Bangladesh ní jàǹbá. Ìyẹn ni pé ohun tẹ́ ẹ gbé dání kì í ṣe àlá.

Ṣùgbọ́n bàbá yẹn, ìbéèrè ẹ̀ dáa o. Ta ló rán yín? Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó máa ni ohun tẹ́ ẹ bá rí. Kí lẹ fẹ́ fi kòkòrò ṣe nínú oúnjẹ àwọn? Ó fẹ́ mọ ewu tó wà níbẹ̀ àti ẹni tí ewu yẹn máa bá. Ohun tí àwọn adájọ́ iGEM fúnra wọn máa bi yín gan-an nìyẹn, torí wọ́n ń wo bí iṣẹ́ yín ṣe kan àwọn èèyàn àti ohun tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yí padà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ padà lọ bá bàbá nílé ẹ̀, ẹ kí i, ẹ jókòó, ẹ dá a lóhùn. Ẹ má gbé projẹ́tọ̀ dání.

Ẹ ní báwo ni wọ́n á ṣe gbà yín gbọ́. Èmi ò rò pé òun ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá báyìí. Ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń ta àgbàdo kí wọ́n kọ́ yín níṣẹ́ ná, kẹ́ ẹ tó parí ìwé pọ̀rọ̀jẹ́ yín, torí bí ìwé bá ti parí tán, àwàdà lásán ni pé ẹ̀ ń bi wọ́n léèrè.

Aflatoxin kì í ṣe ohun kékeré lọ́dọ̀ wa. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí ò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o pamọ́, tó wá bu, ibẹ̀ ló ti ń wá, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, sísè ò sì fi bẹ́ẹ̀ pa á. Ní 2002, ìwé ìròyìn àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 480 ní Benin àti Togo, láti ọmọ oṣù 9 sí ọmọ ọdún 5, wọ́n rí àmì májèlé yìí nínú ẹ̀jẹ̀ 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àwọn tí tiwọn sì pọ̀ jù ni ò ga tó, tí wọn ò sì wúwo tó ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ tiwa ni wọ́n kà níbẹ̀ o! Nítorí náà inú mi dùn gidi pé ẹ̀yin ọmọ Kétu lẹ mú un.

Àmọ́ ẹ wò ó. Ká ní ọjọ́ kan á dé tí ohun tẹ́ ẹ ṣe máa ṣeé lò lójú ọjà, ẹ wá fi yẹ àpò àgbàdo ìyá kan wò, àwọ̀ ẹ̀ sì hàn pé májèlé wà níbẹ̀. Kí ló kàn? Owó èsúsú ló lè jẹ́ ló fi ra àpò yẹn. Ta ló máa san án padà fún un? Bí kò bá sẹ́ni tó máa san án, ìyá á ru àpò ẹ̀ lọ sí ọjà míì tẹ́ ẹ ò sí, àgbàdo náà á ṣì wọnú ọmọ ẹlòmíì, tó bá sì dọjọ́ mìíràn kò ní sẹ́ni tó máa ṣí àpò fún yín mọ́. Ṣé ẹ rí i, ìṣòro yẹn kò sí nínú lábù. Àwọn obìnrin yẹn ló mọ̀ ọ́n, bóyá àwọn ló máa sọ fún yín pé ibi tí wọ́n ti ń sá àgbàdo lóko ló yẹ kí àyẹ̀wò yẹn wà, kí owó tó kó sínú ẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, pọ̀rọ̀jẹ́ yín ti yí padà nìyẹn, kì í sì í ṣe àbùkù, òun gan-an ni iṣẹ́ náà.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀rọ̀ bakitéríà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ṣe irú, ó mọ̀ pé ohun kan ń ṣiṣẹ́ nínú irú tó bò mọ́lẹ̀ yẹn, bakitéríà ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún sọ pé tiyín yàtọ̀, ẹ̀yin lẹ yí i padà, ẹ má fi irú bo ìyẹn lójú. Kẹ́ ẹ sì sọ pé òfin iGEM kò gbà kí ẹgbẹ́ kankan gbé ohun abẹ̀mí tí wọ́n yí padà jáde kúrò ní lábù, ó máa fi ọkàn bàbá balẹ̀ ju gbogbo fọ́tò yín lọ. Ohun tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ sísọ fúnra ẹ̀ ti di àṣẹ. Àwọn Target Malaria, àwọn oníwádìí tó ń gbógun ti ibà, bá àwọn ará abúlé Bana ní Burkina Faso sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tú akọ ẹ̀fọn tí wọ́n yí padà, tí ò lè bímọ, sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2019, síbẹ̀ ní 2025 ìjọba dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró. Ará ìlú lè gbọ́ yín tán kí wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ní Kétu pàápàá, níbi tí ẹlẹ́fẹ̀ ti lè gba ọ̀rọ̀ yín sẹ́nu lóru gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí gbogbo ìlú á gbọ́, ẹ rọra.

Màmá tó ń ta nǹkan ní Ouando ni mí. Ọmọ mi ti lìsé dé, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń yọ ADN ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àyà mi já. Ṣé kò ní di àìsàn sí ọmọ lára? (Ìyá ọlọ́mọ, Àjàṣẹ́)

Rárá, ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọn ò dá nǹkan tuntun kankan. Wọ́n gún ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi omi, iyọ̀ àti ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ sí i, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n wá rọra da ọtí líle tó tutù lé e lórí, ohun funfun tó dà bí òwú tó léfòó, ADN nìyẹn, ó wà nínú ẹja, nínú ẹ̀fọ́, nínú gbogbo ohun tá à ń jẹ lójoojúmọ́. Ọtí yẹn nìkan lẹ máa ṣọ́, kó má sún mọ́ iná, kí ọmọ má sì tọ́ ọ wò.

Bó bá sì jẹ́ bakitéríà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yí padà ló ń bà yín lẹ́rù, èyí tí wọ́n máa ń lò jù ní lábù, E. coli tí wọ́n ń pè ní K-12, láti 1922 ló ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀, ó ti pẹ́ ní lábù débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ lè gbé inú èèyàn mọ́. Insulin tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń gún, inú ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ní 1978 ni wọ́n jẹ́ kí E. coli ṣe ti èèyàn, ní 1982 Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa tà á.

Síbẹ̀ ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ béèrè. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún àwọn òbí kí wọ́n tó wá, ó sì dùn mí pé wọn ò sọ. Ẹ lọ bá olùkọ́ ọmọ, ẹ ní kí wọ́n pe ẹ̀yin òbí nígbà míì kẹ́ ẹ wá jókòó wò ó.

Ṣé iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí náà ni OGM tí wọ́n ń pariwo? Ẹ̀wà tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà ńkọ́? (Oníṣòwò, Ṣábẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n, OGM ni ohun abẹ̀mí tí wọ́n yí ADN ẹ̀ padà, ìmọ̀ kan náà ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní kò jọra kò sọ òótọ́ fún yín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kúrò ní lábù, ti àgbẹ̀ ń wọ oko. Nàìjíríà gba ẹ̀wà kan láyè ní 2019 tí wọ́n fi díẹ̀ lára ADN bakitéríà sí lára kí kòkòrò má bàa jẹ èèpo tí hóró ẹ̀wà wà nínú ẹ̀, àjọ tó ń rí sí i lọ́hùn-ún ní kò léwu láti jẹ. Ìjọba tiwa ní Benin dá OGM dúró fún ọdún 5 ní 2002, wọ́n sì tún fi ọdún kún un lẹ́yìn náà. Ojú lásán ò lè fi ìyàtọ̀ ẹ̀wà yẹn sí ẹ̀wà míì hàn, lábù nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbìn ín, ẹ béèrè orúkọ irúgbìn náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, SAMPEA 20-T ni wọ́n ń pe ti Nàìjíríà yẹn, kẹ́ ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní kọmíìnì yín kẹ́ ẹ tó kó o wọlẹ̀.