Ẹ Bi Wá Ní Ti Kọ̀ǹpútà: Mẹ́sẹ́èjì Tó Ń Sọnù Lọ́nà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń kọ server kan táwọn èèyàn á fi lè jọ máa kọ dọ́kúmẹ́ǹtì kan náà, WebSocket, ìyẹn okùn tí bráúsà àti server fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì, la fi so bráúsà mọ́ ọn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dáa kò síṣòro, àmọ́ tó bá já díẹ̀ tó tún padà, ọ̀rọ̀ kan á sọnù, òmíràn á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó tún ń dùn wá ni pé gbogbo test tá a fi ń dán iṣẹ́ wa wò ló ń pàásì lórí láptọ́ọ̀pù, tó bá dé orí ẹ̀rọ CI (tó ń rọ́ọ̀nù test fúnra ẹ̀ tá a bá ti fi kóòdù ránṣẹ́) á pàásì lónìí á fèélì lọ́la, àwa náà á kàn máa rọ́ọ̀nù ẹ̀ títí á fi pàásì. Kí la máa ṣe? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ńlá lẹ dáwọ́ lé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti mẹ́sẹ́èjì. TCP, ìlànà ìfiránṣẹ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí WebSocket gùn lé, á máa kó mẹ́sẹ́èjì dé bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, ìyẹn tí okùn ò bá tíì já o. Tó bá ti já, ọ̀rọ̀ di tẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ tọ́mọ ò padà wálé, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ó ti jẹ́ iṣẹ́ yẹn àbí kò tiẹ̀ débẹ̀. Bráúsà tún un rán, ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì; kò tún un rán, ó sọnù. Torí náà, ẹ fún mẹ́sẹ́èjì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí bráúsà di èyí tó bá rán mú títí server á fi dáhùn pé "mo ti gba 41", tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà kó béèrè nọ́ńbà tí server gbà kẹ́yìn kó wá rán ìyókù, èyí tí server bá sì ti rí tẹ́lẹ̀ kó jù ú nù.

Ẹ má retí pé server á mọ̀ fúnra ẹ̀ pé ẹnì kan ti lọ o, fóònù tó bá wọ ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí kì í dágbére. Láti 2011 ni ping àti pong (ọ̀kan á béèrè pé "ṣé o ṣì wà?", èkejì á dáhùn pé "mo wà") ti wà nínú RFC 6455 tó jẹ́ òfin WebSocket, ẹ lò ó.

Gbogbo mẹ́sẹ́èjì kọ́ ló dọ́gba ṣá. Ẹ wo Collabora Online, ètò ìkọ̀wé inú bráúsà tó jáde látinú iṣẹ́ LibreOffice, server ló ń ya ojú ewé níbẹ̀, á gé e sí àwòrán kéékèèké, á wá máa rán an sí bráúsà. Tí bráúsà kan bá ń fà, kò sídìí kí àwòrán tó ti gbó ṣì wà lórí ìlà, ẹ jù ú nù, tuntun ń bọ̀. Àmọ́ lẹ́tà téèyàn tẹ̀, àní ẹyọ kan, ẹ ò gbọ́dọ̀ jù ú nù láéláé.

Ó ku test. Ẹ lọ wo inú ẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé sleep wà níbẹ̀: rán mẹ́sẹ́èjì, sùn fún sẹ́kọ́ńdì méjì, wo èsì. Láptọ́ọ̀pù yín yára, sẹ́kọ́ńdì méjì tó o. Ẹ̀rọ CI tó ń bá iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn jà, kò lè tó o. Ẹ yọ gbogbo sleep kúrò, kí test dúró de mẹ́sẹ́èjì yẹn gan-an, tó bá kọjá gbèdéke kó fèélì, kó sì kó gbogbo mẹ́sẹ́èjì tó lọ tó bọ̀ síta kẹ́ ẹ rí i. Àwọn Collabora máa ń gbé test wọnú server fúnra ẹ̀ bíi library (kóòdù tí ètò míì ń gbé sínú ara ẹ̀), ó ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, kò ní máa méfò láti ìta. Ti pé ẹ ń rọ́ọ̀nù ẹ̀ títí á fi pàásì yẹn, mi ò fara mọ́ ọn rárá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àléébù tó fèélì yẹn náà ló ń gbé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yín lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ test kan tí bráúsà àtọwọ́dá mẹ́ta á máa táìpù, á máa parẹ́, bó bá ṣe wù wọ́n, ẹ já okùn wọn láàárín méjì, ẹ tún un so, níparí kí ọ̀rọ̀ ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu láìku lẹ́tà kan. Kó tẹ seed ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó fi ń ṣa ohun tó máa ṣe, síta o, kẹ́ ẹ lè tún irú ẹ̀ ṣe lọ́la.

Ohun kan ń ká mi lára: "hello world" làwọn èèyàn fi ń test. Ẹ fi Yorùbá test ẹ̀ jọ̀ọ́! Ojú rí "ọ̀" bí ẹyọ kan, JavaScript, èdè tí bráúsà ń lò, kà á sí 2 tàbí 3 bí kíbọ́ọ̀dù bá ṣe kọ ọ́, báìtì 5 ni ní UTF-8 tí wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ. Láti 1989 ni Ellis àti Gibbs, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, ti ṣàlàyé bí ipò lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ sún tẹ́lòmíràn bá kọ nǹkan síwájú ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ni gbogbo ìṣirò yẹn, tí server bá ń ka báìtì tí bráúsà ń kà á bíi ti JavaScript, ẹni tó fẹ́ pa àmì ohùn rẹ́ ló máa gé lẹ́tà ẹlòmíràn sí méjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, irú server bẹ́ẹ̀ lèmi ń bójú tó ní ọ́fíìsì wa. Tí okùn bá já, "1006" ló ń yọ lójú àwọn akọ̀wé, wọ́n á wá máa pè mí. Kí ni kí n kọ síbẹ̀? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: 1006 ni bráúsà ń pe okùn tó já láìdágbére, ẹ kọ ọ́ sínú log, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, fún ara yín. Ohun tí akọ̀wé fẹ́ mọ̀ ni bóyá iṣẹ́ òun ṣì wà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ohun tẹ́ ẹ kọ ṣì wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ má tíì pa ojú ewé yìí dé." Kó jẹ́ òótọ́ o, kí bráúsà ti tọ́jú ẹ̀ lóòótọ́. Bákan náà, "ó ti wà ní ìpamọ́" ò gbọ́dọ̀ yọ torí pé server gba mẹ́sẹ́èjì, àfi tí ibi tí fáìlì ń gbé bá ti dáhùn pé òun ti kọ ọ́, torí server lè gbà á tán kó kú kó tó kọ ọ́. Ẹ fi test dán an wò: ẹ pa server láàárín gbígbà àti kíkọ, kẹ́ ẹ wo bóyá ọ̀rọ̀ yẹn á yọ.