Ta ni Michael Caine, báwo ló sì ṣe di òṣèré ńlá?
Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1933 ni wọ́n bí i sí Rotherhithe, Maurice Micklewhite ni wọ́n sì sọ ọ́. Alábàárù ni bàbá rẹ̀ ní ọjà ẹja Billingsgate; ìyá rẹ̀ ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ilé. Ó ti jagun ní Kòríà kó tó di òṣèré. Orúkọ "Caine" yìí, ara pátákó ilé sinimá kan ní Leicester Square ló ti rí i, níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù The Caine Mutiny hàn.

Fíìmù Zulu (1964) ló gbé e jáde, fíìmù Alfie (1966) ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó gba Oscar, àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún fíìmù, lẹ́ẹ̀mejì, fún Hannah and Her Sisters àti The Cider House Rules. Ní 2000, wọ́n fi í joyè Sir, ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un ló fi gbà á: Sir Maurice Micklewhite. Èyí wú mi lórí gan-an. Ọdún 2023 ló fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn The Great Escaper, nígbà tó ti pé ẹni 90 ọdún.