Àmù tí kò làágùn kò lè mú omi tutù

Ẹ kú ooru. Ẹ ní omi inú àmù tí ẹ rà ní Agadez, ìlú aṣálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger, kì í tutù, bẹ́ẹ̀ kọ̀rọ̀ yàrá lẹ gbé e sí kí oòrùn má baà pa á. Ibi tí ẹ gbé e sí yẹn gan-an ni ìṣòro wà. Ó pẹ́ tí mo ti ń tajà ní ìlú náà, mo sì ti rí i láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà, nígbà tí ooru máa ń lé ní 40°C, pé ibòji nìkan kò tó: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí àmù lára.

Amọ̀ tí a sun láìkùn ún ní ohunkóhun ní ihò tíntìntín tí omi ń gbà yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ aṣálẹ̀ á sì fà á gbẹ. Gbígbẹ yẹn ló ń gba ooru kúrò lára omi tó kù nínú rẹ̀, bí òtútù ṣe ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́ sí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa gbé randa, ìyẹn àmù ńlá, lé orí yanrìn lábẹ́ àtíbàbà tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ẹ ó bá a tó rin gbingbin, tí yanrìn abẹ́ rẹ̀ sì tutù. Omi á máa dínkù lójoojúmọ́. Bí kò bá dínkù, kò ní tutù.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kùn ún lọ́dà. Ẹ má sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí amọ̀ a máa mu ọṣẹ. Kànrìnkàn àti yanrìn mímọ́ ti tó. Bí iyọ̀ inú omi kànga bá ti dí àwọn ihò náà pa, ẹ fi í kó ọkà sí, kí ẹ ra òmíràn. Ní oṣù kẹjọ tí òjò bá dé, kò ní ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ti lọ́rinrin kò lè fa omi púpọ̀ mọ́.

Fún ìrìn àjò, àpò awọ ewúrẹ́ tí àwọn Tuareg, ìyẹn ẹ̀yà darandaran inú aṣálẹ̀, ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ràkúnmí ń mú omi tutù dáadáa, bí ẹ bá lè fara da òórùn awọ. Àwọn awakọ̀ a máa fi àpò ìdọ̀họ tútù wé kẹ́ẹ̀gì. Gbàrà tí àpò náà bá gbẹ, omi á tún gbóná, ẹ máa rin ín lóòrèkóòrè.

Ẹ wá ìdérí fún àmù náà, kí ẹ sì fi ife ọlọ́wọ́ gígùn bu omi rẹ̀, nítorí ọwọ́ ìdọ̀tí tí a bá tì bọ inú rẹ̀ lè fa ìgbẹ́ gbuuru fún gbogbo ilé.