Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú irin kì í ná Minna sí Baro mọ́?

Lọ́rọ̀ kan, ojú irin Èkó ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Baro, létí Odò Ọya ní ìpínlẹ̀ Niger, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ojú irin Àríwá ní 1907. Kì í ṣe ẹ̀ka lásán nígbà náà. Percy Girouard, ará Kánádà tó ti ṣe ojú irin gba inú aṣálẹ̀ Sudan, ló ń ṣàkóso Àríwá. Wọ́n fẹ́ kí rélùwéè máa kó òwú láti Kano wá sí Baro, kí ọkọ̀ ojú omi gbé e dé òkun. Ó wọ Kano ní 1911. (Ẹ̀pà ló padà pọ̀ jù nínú ẹrù, kì í ṣe òwú.)

Àmọ́ ojú irin Èkó náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Òṣogbo, Ìlọrin àti Jẹ́bà. Àwọn méjèèjì pàdé ní Minna, wọ́n sì di iléeṣẹ́ kan ní 1912. Ẹrù Kano wá lè lọ tààrà sí Èkó, láìsí pé wọ́n ń já a sínú ọkọ̀ ojú omi. Omi Ọya sì máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí afárá Jẹ́bà parí ní 1916, Minna sí Baro, nǹkan bíi 180 kìlómítà, ti di ẹ̀yìn ọ̀nà.

Ní 2019 ìjọba àpapọ̀ ṣí èbúté tuntun ní Baro láì kọ́kọ́ jí ojú irin yìí dìde. Kí ni wọ́n fẹ́ fi kó ẹrù débẹ̀?