Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé kí wẹ́dà jó kárìà mọ́ orí ọkọ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ford Focus tòkunbọ̀ ni mo fi ń kó èlùbọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Bí búùtù bá kún, mo fẹ́ máa gbé èyí tó ṣẹ́kù sórí ọkọ̀, àmọ́ orí rẹ̀ dán, kò ní irin kankan. Wẹ́dà kan ní òun máa lu ihò mẹ́rin, òun á sì jó kárìà mọ́ ọn. Mo wá rí ìdérí kékeré mẹ́rin lára rọ́bà gígùn méjì tó wà lórí rẹ̀. Kí ni wọ́n wà fún?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà náà fọwọ́ kan orí ọkọ̀ yín. Abẹ́ ìdérí mẹ́rin yẹn ni ohun tí ẹ ń wá wà: àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti lu ihò kárìà sí i, wọ́n sì ti fi tíréèdì (ojú ìlà yíyí tí bóòtì ń wé wọ̀) sínú rẹ̀, níbi tí egungun ọkọ̀ gan-an wà, kí ẹrù má baà jókòó lé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan. Peugeot 504 ayé àtijọ́ kò nílò irú ihò bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní etí gọ́tà òjò tí ẹsẹ̀ kárìà ń di mú. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, inú férémù ilẹ̀kùn ni ihò náà máa ń wà.

Ọ̀dà tó máa bàjẹ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ wẹ́dà yìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló ní airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, tó ń ya wálẹ̀ bíi kọ́tìnì síwájú fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ òrùlé ni wọ́n sì ká a sí, lábẹ́ àjà aṣọ. Ẹnu dírìlì lè gún un, iná wẹ́dà sì lè jó o tàbí kó mú un bẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ihò tí wẹ́dà bá lu ni òjò máa gbà wọlé, irin á sì máa dógùn-ún láti inú, níbi tí ojú yín kò tó.

Kárìà tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ yín ni kí ẹ rà. Ẹ sọ orúkọ ọkọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é àti iye ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì rí i pé bóòtì tirẹ̀ wà nínú páálí, torí pé bóòtì tí a ṣà nílẹ̀ lè gùn jù tàbí kí tíréèdì rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu iyanrìn kúrò lórí ọkọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kárìà lé e, pàápàá nígbà ọyẹ́. Iyanrìn tó bá wà lábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ náà á máa ha ọ̀dà ni. Ẹ wo àmì ara ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ti iwájú kì í sábà bá ẹ̀yìn mu.

Ìka ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wé bóòtì, kì í ṣe sípánà. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀ títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó jábọ́ sójú tíréèdì, kí ẹ tó wá yí i síwájú. Ọkọ̀ kan wà tí mo tún ṣe, tí wọ́n ti fi sípánà fipá wé bóòtì wọlé ní ẹ̀gbẹ́; gbogbo tíréèdì ihò náà ló ti jẹ, kí a tó sì tún un ṣe, àfi ká sọ àjà ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé ná, kí ẹ tó máa fún wọn le díẹ̀díẹ̀, bí ìwé inú páálí ṣe sọ. Ẹ má fún wọn le jù: nọ́ọ̀tì táyà sábà máa ń gba bíi 100 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtì), ṣùgbọ́n bóòtì tín-ín-rín bíi M6, tó fẹ̀ ní mílímítà 6, kì í sábà gbà ju 10 lọ.

Ní ti ẹrù, ìwé ìlò ọkọ̀ yín ló máa sọ iye tí orí rẹ̀ lè gbé. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wà láàárín 50 sí 100 kilo, kárìà fúnra rẹ̀ sì wà nínú iye yìí. Ká ní 75 ni, tí kárìà àti apẹ̀rẹ̀ irin orí rẹ̀ wọn 17, 58 péré ló kù fún èlùbọ́. Bí àpò yín bá jẹ́ oní-50 kilo, ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ìkejì ti kọjá ààlà. Inú búùtù ni kí èyí tó wúwo wà, nítorí ẹrù tó pọ̀ lórí máa ń mú kí ọkọ̀ fì ní kọ́nà.

Ẹ so ẹrù náà dáadáa, kí ẹ sì dúró lẹ́yìn bíi 50 kilomita, kí ẹ tó dé Ṣágámù, láti tún bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tú kárìà, ẹ dá àwọn ìdérí náà padà sójú ihò wọn kí òjò má baà wọ inú tíréèdì.