Ṣé Mo Lè Ra Àlùkùránì Àtijọ́ Tí Wọ́n Ní Ó Wá Láti Tìmbúkútù?

Ìbéèrè: Àáfà wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Houston ni mò ń gbé, mo sì máa ń ra ìwé kéwú àtijọ́ jọ. Ọkùnrin kan fi àwòrán Àlùkùránì àfọwọ́kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní Tìmbúkútù nílẹ̀ Málì ló ti wá. Ó ní bí mùsùlùmí ò bá rà á, kèfèrí ni yóò rà á, tàbí kí ó jóná sọ́hùn-ún bíi ti ìjọ́sí. Ṣé kí n rà á? Mo tún ní ewé méjì tí mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíì láìbi í ní ibi tó ti rí wọn. Kí ni kí n ṣe sí wọn?

Ìdáhùn: Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá yín, arákùnrin wa. Ẹ má rà á. Kì í ṣe torí pé Àlùkùránì ni. Àwọn kan láti ayé àwọn sàábé, àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, kórìíra kí á máa tà á, ṣùgbọ́n Imam Malik, tí ọ̀nà rẹ̀ là ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, gbà á láàyè. Ohun tó dí ọ̀nà ni pé ẹ kò mọ ẹni tó ni ín, ẹni tó ń tà á kò sì sọ.

Ọ̀rọ̀ iná yẹn ló mú yín lọ́kàn, mo mọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ajagun gba Tìmbúkútù ní oṣù kẹrin ọdún 2012, nígbà tí wọ́n sì ń sá lọ ní oṣù kìíní ọdún 2013 wọ́n dáná sun ìwé nílé ìkówèésí Ahmad Baba. Bí 4,000 ló ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba ìyókù là, ṣé wọ́n rà wọ́n ni? Abdel Kader Haidara, olùtọ́jú ìwé ní Tìmbúkútù, àtàwọn ẹbí tó ni ìwé kó wọn sínú àpótí irin, wọ́n gbé wọn gba ojú odò àti ojú títì dé Bamako, olú-ìlú Málì, ìwé ọ̀kẹ́ àìmọye, tí ti ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ṣì jẹ́ tiwọn. Èyí tó dé orí fóònù yín ní Houston, owó ló lé e jáde nílé. Ní ti kèfèrí tó fi dẹ́rù bà yín, àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ní Minnesota, níbi tí wọ́n ń pè ní Hill Museum & Manuscript Library, wà lára àwọn tó bá wọn ya àwòrán ìwé wọ̀nyí, tí ẹ lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ahmad Baba fúnra rẹ̀, onímọ̀ Tìmbúkútù tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìkówèésí yẹn, jìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ogun Mòrókò gba Tìmbúkútù ní 1591, wọ́n sì kó òun náà nígbèkùn lọ sí Marrakesh. Ó sọ níbẹ̀ pé 1,600 ìwé ni wọ́n kó lọ́wọ́ òun, tòun ló sì kéré jù nínú ti gbogbo ẹbí òun. (Ẹ wo ayé: ní 1612, ọkọ̀ Sípéènì gba odindi àkójọ ìwé Zaydan, ọmọ Sultan al-Mansur tó rán àwọn ọmọ ogun náà, lójú òkun. Ohun tó kù nínú wọn wà ní Escorial, ààfin ọba àti ilé àwọn mọ́ńkì ní Sípéènì, di òní.)

Ọlọ́hun ní nínú Súrá Nísáì, áyà 58, kí á dá àwọn ohun tí wọ́n fi ṣọ́ wa padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì sọ nínú hadíìsì tí Samura gbà wá, tó wà lọ́dọ̀ Abu Dawud, pé ohun tí ọwọ́ bá gbà wà lọ́rùn ọwọ́ náà títí yóò fi dá a padà. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ Málíkì, ẹni tó ra ohun tó mọ̀ pé wọ́n fipá gbà, ìdájọ́ ẹni tó gbà á náà ni tirẹ̀.

Yóò sọ fún yín pé wọn ò jí i, pé ilé ẹnìkan ni wọ́n ti tà á. Ibí gan-an ni kí ẹ ti dúró bi í dáadáa. Ìwé àáfà tó kú, ogún ni. Ìyàwó ní ìpín níbẹ̀, ọmọbìnrin ní ìpín, ìyá tó bá wà láyé ní ìpín. Bí àkọ́bí bá gbé àpótí ìwé jáde lóru, ìpín tirẹ̀ nìkan ló láṣẹ lé. Ẹ má rò pé Málì nìkan nìyí ń ṣẹlẹ̀. Ní Ìlọrin àti Ìbàdàn, ìwé Lárúbáwá àti èdè Yorùbá tí wọ́n fi anjẹmi (lẹ́tà Lárúbáwá) kọ wà nínú àjà ilé àwọn àáfà àtijọ́, àwọn ọmọ ọmọ tí kò kéwú kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà. Irú wọn ni oníṣòwò máa ń wá kàn.

Ìwé mìíràn sì jẹ́ wákàfù, ohun tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́hun, tí ẹnikẹ́ni ò lè tà mọ́, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ Umar ní Khaybar: Ànábì ní kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má fi tọrẹ, kí wọ́n má jogún rẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ tàbí ti ìkẹyìn ni wọ́n sábà máa ń kọ irú èyí sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ìwé. Ìwé ilẹ̀ wa kì í sì ní ìdè. Ewé ṣíṣí ni, wọ́n kàn fi awọ wé e. Nítorí náà ó rọrùn fún wọn láti yọ ewé tó ń tú àṣírí, kí wọ́n sì máa ta ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ìwé tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní òpin, ẹ fura.

Òfin ìlú náà ń bẹ. Láti 2022 ni Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ Málì wọlé láìsí ìwé àṣẹ, ẹ sì ti gbà láti máa gbé lábẹ́ òfin wọn. Bí gbogbo ajogún bá fọwọ́ sí i, tí kì í ṣe wákàfù, tí ìjọba ibi tó ti wá sì fún un ní ìwé àṣẹ, ẹ rà á. Mi ò rò pé ọkùnrin yìí ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ti ewé méjì tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ bi ẹni tó tà á. Bó bá dárúkọ olówó rẹ̀, ẹ dá a padà. Bí kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ kọ̀wé sí ilé aṣojú Málì ní Washington. Bí kò bá jẹ́ ti Málì, ẹ gbé e fún ilé ìkówèésí fásitì tí yóò fi àwòrán rẹ̀ han gbogbo ayé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí olówó rẹ̀ bá yọjú, kí wọ́n fún un. Ẹ má tà á fún ẹlòmíì láti fi rí owó yín gbà. Ọwọ́ ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ ti béèrè owó náà. Bí ó bá kọ̀, àdánù yín ni.